Ọjọ́ Tí Delbert Kvale Pe Ara Rẹ̀ Ní Àlejò

Ọkọ̀ wàrà ni Delbert Kvale ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìdájí ló máa ń jáde. Á lọ sọ́dọ̀ àwọn olóko màlúù, á fa wàrà sínú táńkì, á gbé e lọ sílé iṣẹ́. Òtútù Minnesota kì í ṣe eré. Bí èèyàn bá tutọ́ níta, itọ́ náà lè di yìnyín kó tó kanlẹ̀. Delbert ò ráhùn. Iṣẹ́ ni.

Marlys ìyàwó rẹ̀ ń dáná fáwọn ọmọ ilé ìwé. Ìkòkò tó ń gbé lójúmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òun alára. Àwọn méjèèjì ò rìn jìnnà rí. Ibi tí wọ́n bí wọn sí ni wọ́n gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti darúgbó.

Lọ́jọ́ tí Delbert dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wàrà padà fún àwọn tó ni ín, Marlys ń fọ abọ́. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Delbert, mo fẹ́ rí Alaska."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ohun tí mo ṣe fẹ́ rí i nìyẹn."

Delbert rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti ń bá obìnrin yìí gbé, kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún. Kí yìnyín tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í já, wọ́n ti ta ilé. Wọ́n fi owó rẹ̀ ra ilé orí táyà, èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó ní sítóòfù, tó ní ilé ìgbẹ́ nínú. Wọ́n so ọkọ̀ kékeré kan mọ́ ọn nídìí. Ó di gúúsù, bí àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó ti ń ṣe bí òtútù bá dé.

Aṣálẹ̀ Arizona ni wọ́n lọ sùn sí, lẹ́bàá Quartzsite. Gbogbo àwọn arúgbó onílé orí táyà ló ń kó jọ síbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, kò sí igi, kò sí omi. Ṣùgbọ́n oòrùn wà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dá iná, olúkúlùkù á gbé àga rẹ̀ jáde, ẹnu á bẹ̀rẹ̀.

Níbi iná yẹn ni Delbert ti pàdé Hoyt Ledbetter, ọkùnrin gìrìwò kan tó ti ṣiṣẹ́ iná mànàmáná rí. Ibẹ̀ náà ló ti pàdé Idabel Crouse, opó kan tó ń dá wa ilé orí táyà tiẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ọkùnrin kankan júwe ọ̀nà fún òun bó bá ń fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn.

Delbert ń ráhùn owó orí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní Minnesota ti tún yọ nínú owó ìfẹ̀yìntì òun. Hoyt gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ṣì ń san owó orí fún Minnesota? Níbo lẹ ń gbé níbẹ̀?"

"A ò gbé ibẹ̀ mọ́. A ti ta ilé."

"Abẹ́ igi lẹ wá ń gbé?"

"Mo ní a ò gbé ibẹ̀."

"Kí wá lẹ ń san owó rẹ̀ sí?"

Delbert ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ò wá sí i lọ́kàn rí. Ó ní, "Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ṣé èèyàn ń yan ìyá ni?"

"Ìpínlẹ̀ kì í ṣe ìyá, ọ̀rẹ́ mi. Onílé ni. Bí onílé bá ń gba owó yàrá tí o ò sùn, ṣé o ò ní kó ẹrù ẹ?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Delbert ò rẹ́rìn-ín. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ iná.

"Ibo ni èèyàn lè kó lọ?"

Bí ẹni da epo síná ni. Idabel ló kọ́kọ́ fò dìde. "Florida! Wọn ò fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì ẹ. Oòrùn wà, òkun wà."

Hoyt ní, "Ìjì wà, ọ̀nì wà. Owó ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ibẹ̀ á bọ́ ṣòkòtò nídìí ẹ. Texas ni kó wá."

"Texas! Níbi téèyàn ti ń wakọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ tí ò ní jáde nínú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo?"

"Adùn ibẹ̀ gan-an nìyẹn. O ò ní jáde débi tí ẹlòmíràn á ti gba owó lọ́wọ́ ẹ."

"Hoyt, Illinois ni wọ́n bí ẹ sí. Fìlà yẹn nìkan ló jẹ́ ọmọ Texas lára ẹ."

"Fìlà náà tó."

Marlys, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ní, "South Dakota ńkọ́? Ìtòsí wa ni."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Hoyt ní, "Ìyẹn náà ò gba kọ́bọ̀. Ẹ máa sùn níbẹ̀ lóru kan, ẹ máa mú rìsíìtì ibi tí ẹ sùn dání, ẹ ti dọmọ ibẹ̀."

"Oru kan?"

"Oru kan, màmá. Ìgbéyàwó mi àkọ́kọ́ gan-an fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Delbert ò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Ó wọlé, Marlys tẹ̀ lé e. Wọ́n jókòó ti tábìlì kékeré. Marlys mú pẹ́ńsù, ó ṣírò lẹ́yìn páálí ṣúgà. Ó ṣe é tán, ó tún un ṣe. Ohun tí Minnesota ń yọ lọ́wọ́ wọn lọ́dún tó epo tí ilé orí táyà wọn á mu dé Alaska, á sì tó èyí tí á mu bọ̀. Bí wọ́n bá ń san án lọ, kò sí Alaska. Bí wọ́n bá jáde, Alaska wà.

Delbert na ọwọ́ mú ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí," ló wí.

"Má ṣèlérí ohun tí o ò lè ṣe."

"Mo ti ṣe é."

Lówùúrọ̀, Hoyt wá bá wọn mu kọfí. Kò ṣẹ̀fẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ìpínlẹ̀ téèyàn kúrò níbẹ̀ dà bí ìyàwó téèyàn kọ̀ sílẹ̀: kò fẹ́ ẹ mọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí owó ẹ lọ. Ó ní òun mọ ọkùnrin kan tó gba ìwé Texas, tó gbàgbé pé ilé àtijọ́ lòun ṣì ti ń tọ́jú eyín, ibẹ̀ lajá òun ti ń gbabẹ́rẹ́, ibẹ̀ lòun ṣì ti ń dìbò.

"Àwọn agbowó orí ní ibi téèyàn bá ti ń lọ bó bá ń dùn ún, ibẹ̀ ló ń gbé. Wọ́n gba owó orí ọdún ẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi ta ọkọ̀. Inú yàrá abẹ́ ilé ọmọ rẹ̀ ló ń sùn báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ já gbogbo okùn. Ẹ má ṣẹ́ ọ̀kan kù."

Wọ́n já okùn. Marlys dá káàdì ilé ìkàwé padà. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ oníṣègùn eyín. Marlys pe pásítọ̀ wọn, ó ní kó yọ orúkọ àwọn kúrò nínú ọmọ ìjọ, kó kọ àwọn sí àlejò. Pásítọ̀ ní, "Marlys, Ọlọ́run kì í béèrè àdírẹ́ẹ̀sì." Ó sì kọ ọ́.

Oṣù kẹrin ni wọ́n wọ South Dakota. Yìnyín ṣì ń já, atẹ́gùn ń ti ilé orí táyà bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sílé tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà fáwọn tí kò ní ilé. Obìnrin tó wà níbẹ̀ mú wọn lọ síwájú ògiri kan tó kún fún àpótí irin. Ó nawọ́ sí ọ̀kan.

"Ilé yín rèé o."

Àpótí náà ò ju páálí bàtà lọ. Marlys wò ó, ó wo Delbert, ó fara ti ògiri, ẹ̀rín pa á.

"Delbert, mi ò ní gbálẹ̀ mọ́ títí mo fi máa kú!"

"Òrùlé rẹ̀ ò sì jò," ni Delbert wí. Ó ní kí obìnrin náà yà wọ́n ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn.

Wọ́n sùn ní ibùdó kan mọ́jú. Marlys sùn. Delbert ò sùn. Ó ń wo òkè bí ọmọ tó ń retí Kérésìmesì. Rìsíìtì ibùdó náà wà lápò ẹ̀wù rẹ̀, ó ń fọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè bóyá ó ti fò lọ.

Ní ọ́fíìsì ìjọba, ọmọbìnrin kan ló dá wọn lóhùn. Ó gba rìsíìtì, ó gba ìwé ìbí. Ó wá ní wọ́n gbọ́dọ̀ búra.

"Bí ìrìn yín bá parí, ṣé South Dakota níbí lẹ máa padà sí?"

Delbert ò rò pé wọ́n á béèrè é báyẹn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Marlys dáhùn.

"Màmá, bàbá ni mo bi."

"Ibi tí obìnrin yìí bá lọ ni mò ń lọ," ni Delbert wí. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò lè kọ ìyẹn, bàbá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀. Wọ́n fún wọn ní láísẹ́nsì, wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà ọkọ̀. Delbert ò lè dúró dé ibùdó. Inú yìnyín níwájú ọ́fíìsì ló ti tú nọ́ńbà àtijọ́, ó de tuntun, ìka rẹ̀ ti kú. Ó rìn sẹ́yìn, ó wò ó. Marlys jó díẹ̀ nínú bàtà yìnyín rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Wọ́n lọ jẹ páì. Marlys tẹ́ máàpù sórí tábìlì ilé oúnjẹ, ó fi ṣíbí tọ ọ̀nà láti ibi tí wọ́n wà gba ilẹ̀ Kánádà kọjá títí dé Alaska. Òpin oṣù karùn-ún ni wọ́n máa gbéra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé.

Nínú oṣù karùn-ún kan náà ni wọ́n ń ṣí àsìkò ẹja pípa ní Minnesota. Delbert ò pa ọjọ́ náà jẹ rí láti kékeré. Adágún kan náà, ọ̀rẹ́ kan náà, Arvid Sorbo, ọkọ̀ ojú omi kan náà. Ó ní, "Ká lọ kí wọn ká tó lọ. Ṣé àlejò kì í kí ilé ni?"

Marlys ní kò burú.

Ilé ìtajà Ardis ló wà létí adágún, níbi tí wọ́n ti ń ta ekòló àti kọfí, tí wọ́n sì ti ń gba láísẹ́nsì ẹja, ìwé àṣẹ láti pẹja. Lọ́jọ́ ìṣíde, ìlà àwọn èèyàn máa ń dé ẹnu ọ̀nà. Delbert ò tíì wọlé tán tí Arvid ti rí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ lójú fèrèsé.

"Ẹ wá wò ó! Ará South Dakota dé! Ẹ gbé àga fún àlejò!"

"Dákẹ́, Arvid."

"Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ṣé omi wà lọ́dọ̀ yín? Àbí inú iyanrìn lẹ ti ń pẹja?"

"Arvid, ọwọ́ mi lo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀."

"Mo kọ́ ọ! Àmọ́ ìyẹn kí o tó di ará òkèèrè."

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Delbert náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wọlé sí i lára bí egungun ẹja. Ó dé iwájú Ardis. Ardis ò gbójú sókè, ó ti béèrè é lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láti àárọ̀.

"Ọmọ ìlú àbí àlejò?"

Arvid na etí. Láísẹ́nsì àlejò wọ́n ju ti ọmọ ìlú lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló wà lọ́kàn Delbert.

"Ọmọ ìlú!" ló wí, ó fọwọ́ lu káńtà. "Bàbá mi ló kan pákó tí ẹ ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́ yẹn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ Ardis láti ọdún pípẹ́ wá, ó tẹ̀ ẹ́, ìwé jáde. Delbert tì í bọ àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ oúnjẹ gbígbóná nínú òtútù. Wọ́n lọ sórí omi, wọ́n pa ẹja tí ojú wọn ń dán bíi dígí, àwọn ńlá.

Ó di ìrọ̀lẹ́, Delbert ń dín ẹja nínú ilé orí táyà wọn létí adágún. Marlys tẹ́ máàpù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí ibi tí wọ́n máa sùn lọ́nà Kánádà. Ẹnu pẹ́ńsù náà kú. Ó na ọwọ́ sápò jákẹ́ẹ̀tì Delbert tó wà lára ìṣó, bóyá ọ̀bẹ kékeré rẹ̀ wà níbẹ̀ kó fi gbẹ́ ẹ. Ìwé ló bá ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ó kà á.

"Delbert. Kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Láísẹ́nsì ẹja ni."

"'Olùgbé Minnesota.' Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn."

Ẹja ń jóná.

"O búra níwájú ọmọbìnrin yẹn," ni Marlys wí. Kò pariwo. "Oṣù ò tíì yí po."

"Hoyt sọ eyín. Ó sọ ajá. Kò sọ ẹja."

"Ó ní ká já gbogbo okùn. Ó dìgbà tó bá ka ẹja sí i?"

"Ta ló máa rí i?"

"Ardis rí i. Ẹ̀rọ Ardis rí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi wá ibi tí à ń gbé, ẹja ló máa jẹ́rìí. Mo kúrò nínú ìjọ tí wọ́n ti rì mí bọmi, Delbert. Ìwọ ò lè kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi Arvid."

Ó mú máàpù náà, ó ká a. Ó ká a lójú ìlà rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, bí ẹni tí kò ní ṣí i mọ́. Ó gbé e sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní, "Níbo lò ń gbé?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó lọ jókòó síta.

Delbert pa iná. Láti ojú fèrèsé ó ń wo adágún, ó ń wo pákó tí bàbá rẹ̀ kàn. Bàbá rẹ̀ ò rìn kúrò níbẹ̀ rí. Ó ń wo ẹ̀yìn Marlys náà lórí àga, orí rẹ̀ funfun, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ibi tí obìnrin yìí bá lọ. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọbìnrin ọ́fíìsì yẹn rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ló ṣe.

Lówùúrọ̀ ó padà sílé ìtajà. Ó tò sẹ́yìn ìlà bí gbogbo èèyàn. Arvid wà níbẹ̀, ó ń ra ekòló.

"Ṣé o ti fi ìwé ẹ dáná ni?"

Delbert dé iwájú káńtà, ó gbé ìwé náà kalẹ̀.

"Ardis, mo purọ́ fún ọ lánàá."

"Irọ́ wo?"

"Mo ní ọmọ ìlú ni mí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò gbé ibí mọ́. Fagi lé èyí, kí o kọ òmíràn fún mi."

Ardis gbójú sókè wàyí. "Delbert Kvale. Kí ni kí n kọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó rọra sọ ọ́. "Àlejò."

"Sọ ọ́ sókè," ni Arvid wí lẹ́yìn. "Etí mi ò gbọ́ dáadáa mọ́."

Delbert yíjú. Ó wo gbogbo wọn, àwọn ojú tó ti mọ̀ láti ìgbà tí eyín wọn ṣì pé. Ó gbé ohùn sókè bí ẹni ń pe màlúù wálé.

"ÀLEJÒ NI MÍ!"

Ìlà náà hó gèè. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Delbert náà, ó sì yà á lẹ́nu bí ara rẹ̀ ti fúyẹ́. Ardis pe ọ́fíìsì ẹja lórí fóònù, wọ́n fagi lé ti àkọ́kọ́. Ó ní ti àlejò wọ́n o. Delbert ní òun mọ̀. Ó san án pẹ̀lú ẹ̀rín.

Nígbà tí wọ́n dé etí omi, Delbert fẹ́ lọ sẹ́yìn ọkọ̀, níbi ẹ̀ńjìnnì, níbi tó máa ń jókòó sí láti ọjọ́ pípẹ́. Arvid gbá a lọ́wọ́.

"Níbo lò ń lọ? Àlejò kì í wa ọkọ̀ fún onílé. Jókòó síwájú."

Delbert ò jókòó síwájú rí. Ó jókòó. Adágún ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sí orí ẹnikẹ́ni tó dí i. Ó ní, "Ṣé bó ṣe máa ń rí níbí nìyí ní gbogbo ìgbà?"

"Bó ṣe ń rí nìyẹn," ni Arvid wí. Ó tún ní, "Ẹ óò wálé lọ́dún tó ń bọ̀?"

"A ò ní wálé. A máa wá kí yín."

Arvid tan ẹ̀ńjìnnì.

Nígbà tó padà dé, Marlys wà lórí àga rẹ̀ níta. Delbert na ìwé tuntun sí i. Ó kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ṣé Arvid wà níbẹ̀?"

"Gbogbo wọn wà níbẹ̀."

"O sọ ọ́ níwájú wọn?"

"Mo pariwo rẹ̀. Bóyá wọ́n gbọ́ ọ ní South Dakota."

Marlys dìde, ó wọlé. Delbert gbọ́ ìró dúrọ́ọ̀. Ó gbọ́ bébà tó ń ṣí. Kò pẹ́, ó tún gbọ́ òmíràn tí kò retí: ẹ̀ńjìnnì ilé orí táyà. Ó sáré wọlé. Marlys ló jókòó sídìí ọkọ̀, obìnrin tí kò wà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní pápá tí kò sí igi. Máàpù wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Marlys, sún, jẹ́ kí n wà á. Ọ̀nà ibí tóóró."

"Jókòó sọ́hùn-ún," ló wí. Ojú rẹ̀ ń dán bí ti ọmọ. "Ìwọ ò gbọ́ ohun tí Arvid sọ? Ó ti pè mí lórí fóònù. Àlejò kì í wakọ̀."

Ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ gbéra. Àwo kan já nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fọ́, ẹnikẹ́ni ò sì bojú wẹ̀yìn.